Ìṣùpọ̀ Ìràwọ̀ Tí Ó Jìnnà Réré

Ní òpin oṣù Kẹrin, nígbà tí agogo mọ́kànlá alẹ́ bá ń lọ lù, ohun kan a máa gba òkè Ìyànà Ìpájà kọjá tí ẹnikẹ́ni kì í fi ojú lásán rí. Agbedeméjì ọ̀run ni ó ń gbà, àfi pé ó yẹ̀ sí ìhà àríwá díẹ̀. Iná títì àti ti ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ojú ọ̀run ibẹ̀ ṣókùnkùn. Bí ó tilẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, ohun náà jìnnà ju ibi tí ojú ènìyàn lè dé lọ. M87 ni orúkọ rẹ̀.

M87 kì í ṣe ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni, èyíinì ni ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀ tí agbára òòfà so pọ̀ mọ́ ara wọn. Inú irú ìṣùpọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Milky Way, ni oòrùn wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Milky Way tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. M87 rí bí ẹyin, àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ sì ń lọ káàkiri ní oríṣiríṣi ọ̀nà, bí oyin tí ó yí afárá rẹ̀ ká. Gáàsì tútù àti eruku tí ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde kò pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Arúgbó ni púpọ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ rẹ̀. Ó dà bí abúlé tí àgbà kún, tí igbe ọmọ tuntun sì ṣọ̀wọ́n.

Charles Messier, ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ rí i láti Párísì ní 1781. Ìràwọ̀ onírù ni ó ń ṣọdẹ. Bí ó bá rí ohun kan tí ó ṣú bí ìkùukùu kékeré, tí kò sì ṣípò padà bí ìràwọ̀ onírù, a máa kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà tàn án jẹ mọ́. Ọgbọ́n ọdẹ gidi ni. Ìkẹtàdínláàádọ́rùn-ún nínú ìwé rẹ̀ ni M87. Ó kú ní 1817 láìmọ ohun tí ó rí.

Ìmọ́lẹ̀ a máa rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti oòrùn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó dé ayé. Nítorí náà, bí oòrùn bá kú lójijì lọ́sàn-án, àwọn ènìyàn yóò ṣì máa sá aṣọ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí wọ́n tó mọ̀. Ti M87 ń lo nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 54. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú awò Messier ti gbéra kí ènìyàn kankan tó wà láyé.

Ní oṣù Kẹrin 2019, àwọn onímọ̀ fi àwòrán kan hàn, èyí tí wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ ńlá káàkiri ayé yà ní 2017. Òjìji ihò dúdú kan ni, ní àárín M87 gan-an, tí òrùka ìmọ́lẹ̀ yí ká. Ìwọ̀n ihò náà tó ti oòrùn lọ́nà bílíọ̀nù 6.5. Bí òrùka náà ti rí ní àkókò tí ó pẹ́ jọjọ ni àwòrán náà fi hàn. Ìmọ́lẹ̀ tí yóò sọ bí ó ti rí lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra bọ̀ ni.