Netconsole: ẹ lè yí i padà láì pa kọ̀ǹpútà

Tí kọ̀ǹpútà bá dákú lójijì, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí kernel sọ kì í sábà dé inú dísíìkì. Ìdí nìyẹn tí netconsole fi wà: ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn pẹ̀lú UDP, port 6666 ló sì sábà máa ń gbà wọlé.

Tí ẹ bá wá fẹ́ kó máa ránṣẹ́ síbòmíràn ńkọ́? Ẹ má pa á o, iṣẹ́ á dúró. Bí wọ́n bá ti fi CONFIG_NETCONSOLE_DYNAMIC sínú kernel yín, tí netconsole sì ti wọlé, ẹ wọ /sys/kernel/config/netconsole gẹ́gẹ́ bíi root. Folda tí ẹ bá fi mkdir dá síbẹ̀, àwọn fáìlì á yọ nínú rẹ̀ fúnra wọn.

Ẹ kọ́kọ́ kọ 0 sínú enabled. Kernel kò ní gbà kí ẹ yí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun sínú remote_ip. Ẹ má gbàgbé remote_mac: tí ti àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lè má dé, ẹ ò sì ní mọ̀. Tí router bá wà láàárín, MAC ti router ni kẹ́ ẹ kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ 1 sínú enabled.

Ẹ dán an wò: echo "<1>ẹ gbọ́" > /dev/kmsg. Tó bá dé ọ̀hún, ó parí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kú tó tún tàn, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ fi í sínú script.