Kí Drone Tó Gbéra ní Sábó

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, bí wíwa drone eré-ìje bá wu ọmọ yín, orí símúlétọ̀ inú kọ̀ǹpútà, bíi Liftoff, ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Drone eré-ìje kì í fúnra rẹ̀ dúró déédéé: bí a bá fi ọ̀pá ìdarí sílẹ̀, ọ̀nà tí ó tẹ̀ sí ni yóò máa bá lọ títí yóò fi lulẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ìṣubú kò ná wa ní kọ́bọ̀ (àwa olùkọ́ pàápàá ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà). Láàrin èrò Sábó, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè ya ènìyàn lára. Òfin sì béèrè ìyọ̀ǹda àjọ NCAA kí drone tó gbéra. Símúlétọ̀ kò béèrè ìwé kankan. Kìkì pé kí ọmọ lo rímóòtù gidi, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù, nítorí ọwọ́ ni ó ń kọ́ ọ.