Tápẹ́ẹ̀tì Tí Kì Í Dún

Ọ̀rọ̀ Volkswagen kékeré olójú róbótó nì, tí a ń pè ní Ìjàpá, ni a mú wá. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ náà ti dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rìn ní Surùlérè tàbí Yábàá ṣì lè pàdé ọ̀kan tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú lára, kì í ṣe omi. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, fáàfù méjì méjì sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń gba epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń tú èéfín jáde. Irin tó ń ti fáàfù kí ó lè ṣí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì. Bí fáàfù bá ti pa dé, àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Kí ni àlàfo wà fún? Ooru a máa mú irin gùn. Bí àlàfo kò bá sí, fáàfù tó gbóná kò ní lè jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjókòó yẹn gan-an ni ooru ara rẹ̀ ń gbà jáde. Iná á wá máa gba etí rẹ̀ kọjá, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí orí fáàfù á fi já bọ́ sínú sílíńdà. Ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ lórí afárá lóru.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ rèé. Tápẹ́ẹ̀tì tó dẹ̀ a máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, ọlọ́kọ̀ á sì sáré lọ bá mẹkáníìkì. Èyí tó le jù kì í dún rárá. Inú ọlọ́kọ̀ á máa dùn pé ẹ́ńjìnnì òun parọ́rọ́, iná sì ti ń jẹ fáàfù lábẹ́lẹ̀.

Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì ọkọ̀. Èyí tó jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba lálẹ́ àná, oorun òru ló ń mú un tutù tán. Ẹ yọ jíà, ẹ fi òkúta dí táyà. Sípánà 13, screwdriver àti fílà géèjì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Wọn kì í wọ́n ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin.

Ẹ ṣí ìdérí dísríbútọ̀, kí ẹ yí puléè títí rótọ̀ á fi kọjú sí àpá kékeré tó wà létí rẹ̀. Sílíńdà kìíní ló kàn nìyẹn, èyí tó wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fa wáyà tó di ìdérí fáàfù mú sísàlẹ̀. Ẹni tí kò sanra jù lè nawọ́ débẹ̀ láìlo jáàkì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ ki abẹ 0.15 mílímítà bọ àlàfo náà (ìwọ̀n ti ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín), ẹ yí skúrúù títí abẹ náà á fi máa há díẹ̀ bí ẹ bá ń fà á, kí ẹ wá di nọ́ọ̀tì padà. Ẹ tún un wọ̀n o, nítorí dídi nọ́ọ̀tì a máa yí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yí puléè ní ìlàjì, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, fún ìkejì, bẹ́ẹ̀ fún ìkẹta àti ìkẹrin.

Ìkẹta ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú 1971, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́nà, òun ló sì máa ń gbóná jù. Ní gbogbo 3,000 máìlì, kí ẹ tó fọwọ́ kan skúrúù rẹ̀, ẹ kọ àlàfo tí ẹ bá níbẹ̀ sílẹ̀. Bí ti fáàfù èéfín rẹ̀ bá le ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, fáàfù náà ló ń gùn: ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì kí orí rẹ̀ tó já.