Ẹni Tí Ó Dá Rìnrìn-àjò Wọ Ìbàdàn

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀yin ònkàwé wa tí ẹ ń ná ọjà láti Èkó wá sí Ìbàdàn yóò gbà pẹ̀lú wa pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe rẹ́gí ní Challenge, níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń já èrò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó dá rìn kò tí ì kanlẹ̀ tán tí àwọn kan yóò ti yí i ká. Ọ̀kan yóò di báàgì rẹ̀ mú, èkejì yóò ní ọkọ̀ òun ń lọ tààrà sí Dùgbẹ̀, ẹ̀kẹta yóò kí i bí ẹni pé wọ́n ti jọ gbé ilé kan rí. Ta ni kí ó gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwa náà ti ń dá rìn wọ ìlú yìí láìní ẹlẹgbẹ́, a sì ti fi í ṣe òfin pé a kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí ó sáré wá bá wa. Ẹni tí àwa fúnra wa lọ bá níbi tí ó jókòó sí ni à ń bi. Ìyá tí ó ń ta ọsàn, baba tí ó ń lẹ táyà, ọkùnrin tí ó ń tún bàtà ṣe: ibẹ̀ ni wọ́n wà lánàá, ibẹ̀ ni wọn yóò sì wà lọ́la. Bí wọ́n bá ṣì wá lọ́nà, a mọ ibi tí a ó ti bá wọn, àwọn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ring Road, ìyá kan tí ó ń sun àgbàdo kò fi mọ sí pé kí ó júwe ọ̀nà fún wa. Ó sọ iye tí ó yẹ kí awakọ̀ gbà, ó sì ní bí ó bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ kí á sọ̀ kalẹ̀. A kò tí ì ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. (Lẹ́yìn náà ni a ra àgbàdo, ó sì dùn.)

Ọ̀ràn àlejò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn. Àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó jọ tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Àlejò ni gbogbo wọn kí wọ́n tó di onílé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé ibẹ̀ ní 1901, àlejò tún pọ̀ sí i. Ní Sábó, tí a dá sílẹ̀ fún àwọn Haúsá ní 1916, oníṣòwò tí ó bá da màlúù wá kì í sùn sí ibi tí ó bá ṣáà wù ú. Ọ̀mọ̀wé Abner Cohen, tí ó tẹ ìwé jáde nípa àdúgbò náà ní 1969, ṣàlàyé pé ó ní onílé tí ó ń dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Onílé yìí ń fún un ní ibùsùn, ó ń bá a wá ẹni tí yóò ra màlúù, ó sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún alápatà tí ó bá ra àwìn. Bí alápatà kò bá san owó, ọrùn onílé ni gbèsè bọ̀ sí. Kò sì lè sá, nítorí Sábó ni ilé rẹ̀ wà.

Kò sí irú onílé bẹ́ẹ̀ ní Challenge. Fóònù ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí ó bá fi Bolt pe ọkọ̀ yóò rí orúkọ awakọ̀, àwòrán rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń wo nọ́ńbà náà kí ó tó wọlé?

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2014 kò ní pe ìfura ní àṣejù. Ní oṣù náà ni a rí ibùba àwọn ajínigbé nínú igbó Sókà, ní Ìbàdàn kan náà yìí, tí a bá àwọn ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti egungun òkú níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ fura sí gbogbo ẹ̀dá kò ní lè wọ takisí Ìbàdàn. Awakọ̀ tí kò ní ṣénjì yóò na owó kan ṣoṣo sí èrò méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí, yóò ní kí wọ́n lọ pín in, yóò sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Báyìí ni a so wá pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún náírà náà wà. Òfin ẹni tí ó jókòó kò ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Bí ó bá wọ àárín èrò lọ, a kì bá tí rí i mọ́. Ìsọ̀ mẹ́ta ni a jọ yà, wọn kò ní ṣénjì. Ní ìkẹrin, ìyá olóúnjẹ kan bá wa ṣẹ́ owó náà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na tiwa sí wa, ó ní, “Ẹ má bínú pé mo dá yín dúró, bàbá.” Ó béèrè ibi tí à ń lọ. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní ọ̀nà tí wọ́n júwe fún wa ní Dùgbẹ̀ máa ń ṣókùnkùn bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí á kúkú gba iwájú ilé epo, níbi tí iná wà. Ibẹ̀ ni a gbà.