Ipa Obìnrin nínú Eré Ilé-Ìwé Ọkùnrin

CMS Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, àti King's College tí ó tẹ̀ lé e ní 1909, ọmọkùnrin ni a dá méjèèjì sílẹ̀ fún. Ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, bí a bá fẹ́ ṣe eré-oníṣe, ìbéèrè kan kì í ṣàì jẹ yọ: ta ni yóò ṣe ìyá tàbí ìyàwó? Àwọn mìíràn ka gèlè lórí ọmọkùnrin sí ìtìjú. Wọn a sì yọ ipa obìnrin kúrò. Ní èrò tiwa, àṣìṣe ni èyí. Ní Kétu, ọkùnrin ní í múra bí obìnrin jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá, ṣáájú ọdún 1660, ọmọdékùnrin ní í ṣe ipa obìnrin nínú eré Shakespeare. Bákan náà ni orin rí: ọmọ tí ohùn rẹ̀ kò tíì di ti àgbà ní í gbé ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé ọkùnrin. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọkùnrin láti sọ̀rọ̀ bí ìyá tí ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, ti kọ́ ọ láti mọ ìrora ẹlòmíràn.