Ohun tó gbé e dé ìdí ìgò

Bí wọ́n bá ń pín ẹmu nílé wa, ojú la fi ń mọ irú ẹni tó ń mu ún. Èyí mu tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe onílù. Èkejì fẹ̀yìn ti ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ń mu ún bí ẹni ń lo àgbo. Òun làwọn àgbà ń bá wí pé amutí-gbàgbé-ìṣẹ́: ìṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ọtí á dá lójú ẹ.

Ní Onitsha, létí odò Ọya, ọkùnrin yìí wọnú ìwé. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọ́n ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú lọ́jà ibẹ̀. Okenwa Olisah pe ọ̀kan ní Drunkards Believe Bar as Heaven: ọ̀run rere ni ilé ọtí lójú ọ̀mùtí. Ẹni tí ilé rọ̀ lọ́rùn kì í wá ọ̀run kiri.

Ní 1994, M. Lynne Cooper, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, to ìdí tá a fi ń mutí sí mẹ́rin: ká lè gbádùn, ká lè bá ẹgbẹ́ ṣe, kí wọ́n má fi wá ṣẹ̀sín, ká lè pa ìrònú rẹ́. Ìkẹyìn yìí ló sún mọ́ wàhálà jù. Patricia Conrod ní Kánádà wá yẹ ìwà wò: ẹni tí ayé ti sú, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ṣáá, ẹni tí kì í ronú kó tó ṣe nǹkan, àti ẹni tó ń wá ohun amóríyá kiri. Méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fi ọtí ṣe oògùn. Ẹni kẹrin, fàájì ló bá dé. (Ẹni kẹta? Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ìgò kẹfà dé.)

Ẹ padà sí Onitsha. Láti 2012 ni wọ́n ti ń pọn bíà Hero níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń pọn Trophy ní Iléṣà ló ni ín báyìí. O Mpa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn “Bàbá o”, nítorí Ojukwu, olórí Biafra. Oníṣòwò tí ọjà kò tà ti ṣọ́ọ̀bù, ó ki kọ́kọ́rọ́ sápò, ó fi eyín ṣí ìdérí, ó ń ké pe bàbá. Èwo nínú ìdí mẹ́rin yẹn ni? Ìgò kò lè sọ fún wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Ẹ sì má já ìgò gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń mu àmupara lójoojúmọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ní ilé ìwòsàn ńlá Nnewi tàbí ti Árò ní Abẹ́òkúta. Bó bá ṣíwọ́ lójijì, gìrì lè gbé e.