Ìṣubú inú fíìmù kì í ṣe eré ọmọdé

Àwọn ọmọ wa ní ìgbèríko Akínyẹlé àti Lágelú ń wo fíìmù, wọ́n sì ń fẹ́ ṣe bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n á bẹ́ láti orí ọ̀kadà, wọ́n á fò láti orí igi máńgòrò. Ẹ bá mi sọ ìtàn Orlando Martins fún wọn.

Ọmọ Èkó ni, ọdún 1899 ni wọ́n bí i, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1919. Kò sí iṣẹ́ tí kò ṣe tán níbẹ̀. Ó fi ejò dá àwọn òǹwòran lára yá, ó ja ìjàkadì gbowó, “Black Butcher Johnson” ni wọ́n sì ń pè é nídìí ìjà náà, kó tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú fíìmù. Nínú The Hasty Heart tó jáde lọ́dún 1949, aláìsàn ni ó ṣe ní ọsibítù àwọn ológun, òun àti Ronald Reagan tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà. (Ẹ ò rí i pé nọ́ọ̀sì ò lè ṣàì fẹ́ràn fíìmù yẹn!)

Ìjàkadì yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Bí a ṣe ń ṣubú wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ajàkadì: á fa àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má baà gbálẹ̀, ẹ̀yìn tó fẹ̀ ni yóò fi gba ilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi máa ń wá irú wọn láti ṣubú dípò òṣèré. Síbẹ̀, fóòmù tàbí òkìtì páálí ti wà nílẹ̀ dè wọ́n, kámẹ́rà ni ò fi hàn yín.

Tí ọmọ bá já lulẹ̀, tàbí ẹlẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ẹ má ṣe fà á dìde lábíyá, ẹ má fún un lómi mu. Bí eegun ọrùn bá ti ṣẹ́, fífà yẹn lè gé okùn iṣan tó gba inú rẹ̀ kọjá, apá àti ẹsẹ̀ á sì rọ títí ayé. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú gbọn-in. Bó bá fẹ́ bì, kí ẹ yí orí, ọrùn àti ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí pákó gbọọrọ tàbí ilẹ̀kùn ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ẹ wá mọ́tò tó láyè. Ẹ má ṣe gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà.